Ta Ló Yẹ Kó Ka Olú Inú Igbó?

Ká ní ìjọba kan sọ pé òun fẹ́ mọ iye olú tó ń hù nínú igbó òun lọ́dọọdún. Báwo ni yóò ṣe kà á? Igi dúró lójú kan, èèyàn lè fi okùn wọn ìdí rẹ̀, kó padà lọ́dún mẹ́wàá kó tún un wọ̀n. Ẹran ìgbẹ́ a máa fi ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ sílẹ̀. Olú kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò rọ̀ lónìí, ó yọ lọ́túnla, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìdin ti wọ̀ ọ́, tàbí ẹran ti jẹ ẹ́, tàbí ẹnìkan ti já a lọ sọ́jà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti ìlú gbé ìwé dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta yóò bá ilẹ̀ lásán, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí olú.

Ẹni tó mọ ọjọ́ tó yọ, ibi tó yọ, àti bó ṣe pọ̀ tó ju tèṣí lọ ni ẹni tó ń fi í jẹun. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa igbó fi ń sọ̀rọ̀ nípa irú àbójútó kan tó jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ inú igbó fúnra wọn ló ń kà, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ìjọba jókòó lórí ohun tí wọ́n bá rí. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ le ju bó ṣe dún lọ, ibi tó sì ti hàn kedere jù ni ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ká tó wá wo ilé.

Igbó páìnì, olú matsutake

Ní àárín gbùngbùn Oregon, lápá ìlà-oòrùn àwọn òkè Cascade, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Chemult. Adágún Crescent Lake kò jìnnà sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá rárá. Ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn, òkè oníná tí wọ́n ń pè ní Mazama bú gbàmù, ó sì da eérú àti òkúta fífúyẹ́ bo gbogbo agbègbè náà. Kòtò ńlá tó fi sílẹ̀ ló di adágún tí gbogbo ayé mọ̀ sí Crater Lake. Igi tó lè fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni igi páìnì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní lodgepole.

Igi náà kò dá a ṣe. Lábẹ́ ilẹ̀, fọ́nrán funfun wẹ́wẹ́ kan wà tó wé mọ́ orí gbòǹgbò rẹ̀. Fọ́nrán yìí ń bá igi fa omi àti èròjà inú òkúta wá, igi náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn ṣe. Nígbà tí ìrì òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, tí òjò sì kan ilẹ̀, fọ́nrán náà a yọ olú. Matsutake ni orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe irú olú yìí, orúkọ náà ló sì mọ́ gbogbo àwọn oníṣòwò lẹ́nu. Nítorí pé kò lè wà láìsí igi alààyè, kò tíì sẹ́ni tó rí ọgbọ́n dá a lóko títà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ àfi kó wọ igbó.

Ní Japan, matsutake jẹ́ ẹ̀bùn ìgbà ìkórè, ohun tí èèyàn ń dì sínú àpótí fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tàbí àna. Igbó tiwọn ń mú un wá tẹ́lẹ̀: ní ọdún 1941, nǹkan bí 12,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n rí kó. Lẹ́yìn náà, àìsàn tí aràn tíntìntín kan ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í pa igi páìnì wọn, àwọn ará abúlé sì ṣíwọ́ àtimáa ro abẹ́ igbó láti fi ewé àti igi rẹ̀ dáná. Lóde òní, lọ́pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń rí kó kò pé 100 tọ́ọ̀nù. Bí tiwọn ṣe ń dín kù ni àwọn oníṣòwò ń wá a kiri ayé, títí tí wọ́n fi dé Oregon.

Àwọn tí wọ́n bá pàdé nínú igbó Oregon kì í ṣe ìran kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọdún 1975, nígbà tí ogun Laos, Cambodia àti Vietnam parí, ọ̀pọ̀ ogunléndé sá wá sí Amẹ́ríkà: àwọn Hmong, àwọn Mien, àwọn Lao, àwọn Khmer. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé lórí òkè rí, wọ́n mọ igbó, wọn kò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó láti rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní 1990, ìjọba kéde pé irú òwìwí kan tó ń gbé inú igbó àtijọ́ wà nínú ewu àtiparẹ́. Nígbà tó di 1994, ètò tuntun kan tí wọ́n pè ní Northwest Forest Plan dín gígé gẹdú kù gan-an lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìlagi ti ilẹ̀kùn. Díẹ̀ nínú àwọn agẹdú tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn náà gbé garawa, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn ogunléndé, àwọn ará Mẹ́síkò, àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ti ń jẹ olú kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Kì í ṣe matsutake nìkan ni wọ́n ń wá. Chanterelle wà, tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Morel wà, tó máa ń yọ lọ́pọ̀ níbi tí iná ti jó igbó lọ́dún tó kọjá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọdún 1992 fi hàn pé ó lé ní 10,000 èèyàn tó ní ọwọ́ nínú òwò olú ní Oregon, Washington àti Idaho. Olú tí wọ́n kó súnmọ́ mílíọ̀nù 1.8 kílò, ohun tí òwò náà sì mú wọ ọrọ̀ ajé agbègbè náà lé ní 40 mílíọ̀nù dọ́là. Kí a tó gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀, olú kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé ìṣirò Forest Service, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso igbó. Gẹdú ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

Ìjọba dá ìwé àṣẹ sílẹ̀. Nínú igbó ìjọba mẹ́rin tó yí agbègbè Chemult ká, ẹni tó bá fẹ́ wá matsutake tà gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ. Dọ́là 8 lóòjọ́ ni iye tí ó ti jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ti gbogbo àkókò náà yóò san 200 dọ́là. Lálẹ́, àwọn alágbàtà a ta àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọn a tan iná, wọn a gbé òṣùwọ̀n síta. Wọ́n ń yà á sípò: èyí tí awọ abẹ́ rẹ̀ kò tíì ya ló wọ́n jù, èyí tó ti là tán ló pọ́ọ́kú jù. Iye owó lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà àdéhùn kan wà láàárín wọn: bí owó bá gòkè lẹ́yìn tí ẹnìkan ti ta tirẹ̀, ó lè padà wá gba àfikún lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ṣé jíjá olú ń pa olú run ni?

Èyí ni ìbéèrè tí ìjọba kọ́kọ́ bèèrè, ìbéèrè gidi sì ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò lọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Olú tí a ń rí lókè kì í ṣe gbogbo ohun alààyè náà. Fọ́nrán abẹ́ ilẹ̀ ni igi, olú ni àgbálùmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó já àgbálùmọ̀ kò gé igi. Àwọn onímọ̀ ní Swítsàlandì dán an wò nínú igbó kan tó ń jẹ́ La Chanéaz fún ọdún 29, láti 1975 sí 2003. Wọ́n ń já olú lójú ibì kan, wọ́n ń fi ti ibòmíràn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, olú ibi tí wọ́n ti ń já kò dín sí ti ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn. Yálà wọ́n fi ọ̀bẹ gé e tàbí wọ́n fà á tu, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó dín iye olú kù ni ẹsẹ̀ èèyàn: ibi tí wọ́n ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, olú tó ń yọ níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ní Oregon, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Oregon Mycological Society bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà lórí chanterelle ní 1986, nínú igbó Mount Hood. Ará ìlú lásán ni wọ́n, olú ni wọ́n fẹ́ràn. Fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, wọ́n ń padà sójú kan náà, wọ́n ń kà, wọ́n ń wọ̀n. Àwọn náà kò rí i pé jíjá ń dín olú kù.

Ti matsutake ló yàtọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Olú yìí máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀, kìkì ilẹ̀ tó wú díẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Èyí tí kò tíì là ló sì níye lórí, ìyẹn èyí tí ojú kò tíì rí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ a mú réèkì, a fi ha gbogbo ilẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi oríṣiríṣi ọ̀nà jíjá wéra nínú igbó gúúsù Oregon. Ẹni tó rọra yọ ọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ha ilẹ̀ ṣùgbọ́n tó da ewé padà bò ó ṣe ìpalára díẹ̀. Ẹni tó ha ilẹ̀ jinlẹ̀ tó sì fi í sílẹ̀ gbayawu ló ba ibẹ̀ jẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ ṣàbójútó. Bí ó bá jẹ́ pé jíjá fúnra rẹ̀ ló ń pa olú, òfin ìbá rọrùn: ẹ dín iye tí ẹ ń já kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà já a ni ọ̀ràn wà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ti ojú sánmà rí i bóyá ẹnìkan da ewé padà. Ẹni tó wà nínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà ló lè rí i, àwọn awá-olú tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ sì kórìíra oníréèkì ju ìjọba lọ, nítorí ojú ibi tí wọn yóò padà sí lọ́dún tó ń bọ̀ ló ń bàjẹ́.

Ìṣirò tí kò ṣeé ṣe láìka èèyàn

Jẹ́ ká gbà pé ìjọba kò fẹ́ wọ igbó, pé ó ní àtíbàbà àwọn alágbàtà tó òun, kí wọ́n máa sọ iye kílò tí wọ́n rà lálaalẹ́. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ká ṣe é ní ìṣirò. Ká sọ pé lọ́dún àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́wàá wọ igbó kan lọ́jọ́ kan, wọ́n sì kó 100 kílò jáde. Kílò mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rí. Lọ́dún karùn-ún, 100 kílò náà ni wọ́n kó jáde lójúmọ́. Ìwé ìjọba yóò sọ pé ara igbó le. Ṣùgbọ́n bí èèyàn 25 ló wọlé lọ́dún karùn-ún ńkọ́? Kílò mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rí. Ó lè jẹ́ pé olú ti ń dín kù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ẹsẹ̀ wá ìyókù jìnnà. Ó tún lè jẹ́ pé olú kò dín, pé èrò ló pọ̀. Ọ̀ràn méjèèjì yàtọ̀ síra, oògùn wọn náà yàtọ̀ síra, ìwé tó ní 100 kílò nìkan kò sì lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Ká tún yí i padà. Ká ní iye kílò já sí ìdajì. Ṣé olú ló tán? Bóyá owó ló já ní Japan, tí àwọn awá-olú rí i pé owó epo mọ́tò ju ohun tí wọn yóò rí lọ, wọ́n bá dúró sílé. Olú hù, ó jẹrà, ẹnikẹ́ni kò kà á.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olú ṣe ń ṣe gbọ́dọ̀ mọ iye wákàtí tí àwọn èèyàn fi wá a, iye èèyàn tó wá a, iye tí wọ́n ná kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àti iye tí wọ́n mú lọ sílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ olú ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbọ́ ọ bíi pé iṣẹ́ méjì ni: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń dáàbò bo igbó, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì ń bá òṣìṣẹ́ jà fún owó. Nínú igbó olú, ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ. Bí ojú ìwé tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ bá ṣófo, ti olú kò ṣeé kà.

Kí ló yẹ kó wà lójú ìwé náà? Lápá kan: ọjọ́ tí olú yọ, òjò tó rọ̀ ṣáájú, ìwọ̀n àti ipò rẹ̀, ẹkùn igbó tó ti wá, ibi tí a ti rí ilẹ̀ tí wọ́n fi réèkì ha. Lápá kejì: wákàtí iṣẹ́, owó epo, owó ìwé àṣẹ, owó ibùdó tí wọ́n ń sùn, iye tí alágbàtà san, ẹni tó sọnù sínú igbó, ẹni tó ṣèṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn: àkókò matsutake bọ́ sí àkókò kan náà tí àwọn ọdẹ ń lé àgbọ̀nrín, òtútù òkè sì máa ń tètè mú yìnyín wá. Ẹni tó ní owó ìwé àṣẹ 200 dọ́là láti dá padà kò ní sinmi nílé nítorí pé ojú ọjọ́ kò dára. Bí owó ìwé àṣẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ lè máa pọ̀ sí i nínú igbó, a sì ti rí i ní Swítsàlandì ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe.

Ìdí tí awá-olú fi ń sá fún ìwé

Bí ìjọba bá wá pe àwọn awá-olú, ṣé wọn yóò dáhùn? Ọ̀pọ̀ kì í dáhùn, wọ́n sì ní ìdí.

Èkínní, ibi tí olú ń yọ ni ogún tí wọ́n ní. Bàbá ń fi han ọmọ, ọ̀rẹ́ kì í fi han ọ̀rẹ́. Bí ẹnìkan bá ní kó o fi àmì sí i lórí máàpù, ohun tó ń bèèrè ni pé kó o kó ogún rẹ fún ọjà. Èkejì, wọ́n ti rí ìgbà tí ohun tí wọ́n sọ padà wá bí òfin tuntun tàbí owó tuntun. Ní òpin 1999, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ní kí Forest Service máa gba owó tó bá iye ọjà mu lórí olú, ewé àti àwọn ohun mìíràn tí kì í ṣe gẹdú, kí wọ́n sì pinnu iye tí èèyàn lè kó tí igbó kò fi ní gbẹ. Gbígba owó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Mímọ iye tí igbó lè gbà kò rọrùn, nítorí kò sí ìwé tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ni èdè. Ìpàdé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó jìnnà sí ibùdó, kò sí Khmer tàbí Mien tó máa wá síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé kò ní kọ orúkọ sílẹ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Obìnrin kan tó mọ èyí dáadáa ni Beverly Brown, tó kọ ìwé kan ní 1995 nípa àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè gẹdú Oregon. Òun ló wà nídìí Jefferson Center for Education and Research nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ igbó tí kì í pàdé ara wọn jọ: àwọn tó ń gbin igi, àwọn tó ń gé ewé tí àwọn oníṣòwò òdòdó ń lò, àwọn awá-olú. Ohun tó tẹnu mọ́ ni ògbufọ̀. Kì í ṣe ògbufọ̀ kan fún gbogbo ilé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti gbọ́ ọ ní èdè tirẹ̀, kó sì sọ tẹnu rẹ̀ ní èdè náà, bó tilẹ̀ gba gbogbo ọjọ́. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Forest Service ti gbọ́ lẹ́nu àwọn awá-olú ohun tí òfin ibùdó àti owó ìwé àṣẹ ń ṣe fún wọn. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó tó ń jẹ́ Alliance of Forest Workers and Harvesters náà gba ọ̀nà yìí.

Ní 2004, àwọn olùwádìí mẹ́ta láti Institute for Culture and Ecology gbé ìròyìn kan jáde lórí bí Amẹ́ríkà ṣe ń ka àwọn ohun inú igbó tí kì í ṣe gẹdú. Ìmọ̀ràn wọn kò lọ́jú pọ̀: àwọn tó ń kó o ni kí ẹ fi sí ìdí kíkà á, láti ìgbà tí ẹ bá ń ronú ohun tí ẹ ó kà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá nílò ẹni tí yóò gbé òṣùwọ̀n.

Bí ó ṣe ń lọ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ń ṣètò kíkà náà kì í bèèrè ojú ibi tí olú wà. Wọn a pín igbó sí ẹkùn ńláńlá, awá-olú a sọ ẹkùn tó ti wá, ó parí. Ìyẹn tó fún ìṣirò, àṣírí ogún kò sì tú.

Ìkejì, ẹni tó ń gba àkọsílẹ̀ máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó gbọ́ èdè ibùdó, tó mọ ẹni tí wọ́n ń fojú àgbà wò níbẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó fún un, nítorí wákàtí tó fi ń kọ̀wé ni wákàtí tí kò fi wá olú. Ọ̀pọ̀ ètò ló ti kú síhìn-ín: wọ́n ní kí àwọn tálákà ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́ igbó, nígbà tí onímọ̀ tó wá kó ìwé náà ń gba owó oṣù.

Ìkẹta, wọ́n máa ń fi ojú ibi díẹ̀ sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ àti àwọn awá-olú jọ ń ṣọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní já, kí wọ́n lè fi wé ibòmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: onímọ̀ ló mọ bí a ṣe ń pín ilẹ̀ dọ́gba kí èsì má baà tan ni jẹ, awá-olú ló mọ ibi tí ìpín ilẹ̀ náà yóò ti ní olú rárá. Onímọ̀ lè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lórí ìwé, kó dé ibẹ̀, kí olú kan ṣoṣo má yọ.

Ìkẹrin ni èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: èsì gbọ́dọ̀ padà sí ibùdó kí àkókò mìíràn tó dé. Bí ìwé bá sọ pé ẹkùn kan ti kún fún ilẹ̀ tí wọ́n ha, àwọn awá-olú fúnra wọn lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì múlẹ̀ ju ti pátákó ìjọba lọ. Bí ìwé bá sọ pé owó ìwé àṣẹ ti jẹ èrè àwọn tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn láti fi bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀ràn tán. Awá-olú tó ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn tẹ̀lé òjò kì í gbé ibì kan, ó ṣòro láti pe irú wọn ní ará àdúgbò. Ẹnìkan lè purọ́ lórí ìwọ̀n. Alágbàtà lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí òun ń rà. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ọdún méjì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni olú tó ń yọ púpọ̀ lọ́dún kan tó sì lè dákẹ́ lọ́dún kejì ń fẹ́ ìṣọ́ ọdún mẹ́wàá kí ó tó sọ ohun kan pàtó fún ni.

Tiwa ńkọ́?

Olú tiwa kì í lọ sí Japan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kíkà kan náà ló kàn án. B. A. Oso ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Mycologia ní 1975, bí àwọn Yorùbá ṣe ń pe olú lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe oògùn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn onímọ̀ gbé ìwé atọ́nà kan jáde ní 2002 lórí àwọn olú jíjẹ ibẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ń bá gbòǹgbò igi ṣe àdéhùn bíi ti matsutake, igi apá sì wà lára irú igi bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n bá ti gé apá tán fún gẹdú, àwọn olú tó gbára lé e yóò bá a lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ já ọ̀kan nínú wọn.

Olú ọ̀gán ní tirẹ̀ kò gbára lé igi alààyè. Ikán ló ń dá a lóko nínú ilé rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń fi ewé àti igi tó rún bọ́ ọ, nígbà tí òjò bá sì dé, olú a la ilẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olú ọ̀gán ṣe ń ṣe kò ní ka olú nìkan. Yóò ka ọ̀gán tí katakata wó nígbà tí wọ́n ń la oko ńlá, yóò bèèrè oògùn tí wọ́n fi ń pa ikán. Àwọn obìnrin tó ń jí lọ wá a láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ń kó o sórí ewé létí títì, mọ ọ̀gán tó ti dákẹ́ àti èyí tó ṣì ń yọ. Wọ́n mọ̀ bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń rìn báyìí jìn ju èyí tí ìyá wọn rìn. Ìṣirò wákàtí tí a ṣe lórí Oregon lókè ni wọ́n ń ṣe lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan tàbí àjọ kan bá wá sọ lọ́la pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ olú inú igbó ọba wa, ohun rere ni. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n pe àwọn obìnrin wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ ìbéèrè tán, wọ́n ti ya máàpù tán, kí wọ́n tó rántí wọn, ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bí ni owó ìwé àṣẹ. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá olú ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin náà bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọ́n ó kà, tí wákàtí wọn àti èrè wọn sì wọ inú ìwé pẹ̀lú olú, a ó ní àkọsílẹ̀ tí ìjọba lè fi ṣe òfin, tí àwọn tó ń wá olú náà yóò sì gbà pé òfin náà mọ ohun tó ń sọ.